Ohun Tí Àlàájà Fẹ́ràn Láti Jẹ

Mo kúrò ní Kétu, mo wá sí Kétu. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn l'Ékòó, wọ́n á rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Kétu tí wọ́n bí mi sí wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí tíṣà ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ nílé ìwé, tí ìyá ọmọ sì ń fi Yorùbá bá a wí nílé. Kétu tí mo wá bá wà létí títì Ìkòròdú. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró létí títì yẹn pẹ̀lú báàgì mi, mo mọ̀ pé ilẹ̀ òkèèrè ni mo wà. Nílé wa, bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, ẹni tí wọ́n ń fọn ún fún máa ń bojú wẹ̀yìn. Níbí, gbogbo wọn ló ń fọn ọ́n, kò sì sí ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn.

Èdè ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Yorùbá ni mò ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ bí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ní, “Àǹtí, ará ibo ni yín?” Bí mo bá ní Kétu ni mo ti wá, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. “Kétu wo? Kétu tiwa yìí kọ́ o!” Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo ní Kútọnu ni mo ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì péré ni mo fi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Bí mo ṣe di Àǹtí Kútọnu fún gbogbo àdúgbò nìyẹn, títí kan ẹni tó ń ta omi fún wa.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni ṣokoléètì. Ẹni tí mo wá ṣe é fún ni Àlàájà, ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòsí, opó, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Wọ́n ti ń yan kéèkì tà láti ìgbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Àǹtí Kúdí, ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣokoléètì ló wà lọ́kàn wọn. Oníbàárà wọn kan tó rìnrìn àjò lọ sí Kútọnu ló ra èyí tí mo ṣe, ó gbé díẹ̀ wá fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí ó wá ẹni tó ṣe é rí fún àwọn.

Ọjọ́ tí mo dé, wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé àwo kan síwájú mi, ègé ṣokoléètì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

“Jẹ ẹ́. Sọ ohun tí o bá rí fún mi.”

Mo jẹ àkọ́kọ́. “Mà, èyí kì í ṣe sokolá.”

“Kì í ṣe kí ni?”

“Sokolá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. “Ṣokoléètì, ọmọ mi. Ṣo-ko-léè-tì. Ó dáa, kí ló dé tí kì í fi í ṣe é?”

Mo ní wọ́n ti yọ òróró kòkó kúrò nínú rẹ̀, òróró èkùrọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu bí ìda. Mo jẹ ìkejì, tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní ìyẹn dára fún jíjẹ lásán, pàápàá fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi yan kéèkì ń ṣòfò, nítorí adùn rẹ̀ yóò pọ̀ jù, òórùn kòkó á sì pòórá nínú ìyẹ̀fun. Ìkẹta dúdú, ó korò díẹ̀, ó sì ń rùn bí kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn.

“Ti kéèkì nìyí, Mà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ ẹ́ náà.”

Wọ́n mú ìyókù ìkẹta, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu. “Ahọ́n kan náà ni èmi pẹ̀lú ẹ ní,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ní Kétu tiyín ni àwọn bàbá ńlá wa ti wá. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ìyá mi, tó ń ránṣọ ní Kétu wa, mo ní mo ti rí iṣẹ́, àti pé ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pè mí ní ẹbí. “Ẹbí tó ń sanwó oṣù,” ni ìyá mi wí. “Máa rọra ṣe.”

Ilé ìdáná wa wà lẹ́yìn ilé, yàrá kékeré méjì tí wọ́n so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọ̀kan. Ṣokoléètì gidi níwà bí ènìyàn. A ó yọ́ ọ lórí omi gbígbóná, a ó dà á sórí òkúta mábù, a ó máa fi irin pẹlẹbẹ tì í lọ tì í bọ̀ títí yóò fi tutù dé ìwọ̀n. Bí a bá fi kan abẹ́ ètè, ó gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ ju ara lọ. Bó bá gbóná jù, kò ní dán, kò sì ní dún kẹ́kẹ́ bí a bá ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ̀kán omi kan péré bá sì bọ́ sí i, ó di amọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní Kútọnu, nínú ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti kọ́ ọ, iná kì í lọ. Ní Kétu ti Èkó, mo máa ń gbọ́ bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń mí kanlẹ̀, tó sì ń dákẹ́. Ìgbà mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ ṣe é tó bàjẹ́. Bó bá dì tán, yóò hu funfun lára bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò fi òróró para. Mo máa ń dúró tì í, mi ò ní mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo rò pé Àlàájà máa lé mi. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ́ èyí tó bàjẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ kéèkì. “Kéèkì kì í bínú,” ni wọ́n máa ń sọ.

Ní ìgbà kẹsàn-án, mo jí láago mẹ́rin àárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, mi ò tilẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé iná. Nígbà tí mo yí mọ́ọ̀dù, àwo oníhò tí a ń da ṣokoléètì sí kó lè dì, dorí kodò, gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ gbuurugbu, wọ́n ń dán, mo sì rí ojú mi nínú wọn. Mo ké. Àlàájà sáré jáde pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, wọ́n rò pé iná ló gbé mi. Wọ́n wo ṣokoléètì yẹn, wọ́n wò mí, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ní, “Alihamudulilai.” Àwa méjèèjì jẹ mẹ́fà nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tí kò sí ayọ̀ ló pọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Faransé ni mo fi mọ gbogbo àdúrà, nítorí náà bí wọ́n bá ń kà á lápapọ̀, ètè mi máa ń lọ síbòmíràn. Mo máa ń lọ sí Maili Tuẹ́ẹ̀fù láti ra àgbọn àti atalẹ̀, àwọn Hausa tó ń ta atalẹ̀ á máa fi èdè tiwọn bá ara wọn ṣeré, ó sì máa ń jọ mí lójú pé àwọn gan-an ní ẹnìkejì tí wọ́n lè bá sọ èdè ilé. Ìyá mi á pè. “Ṣé o ti jẹun?” “Mo ti jẹun, Ìyá.” “Ìgbà wo lò ń bọ̀?” “Kò ní pẹ́, Ìyá.” Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n ń sọ ọ́. Wọn ò sọ iye ọdún.

Tírọ́fù ni Àlàájà fẹ́ràn jù. Ìyẹn kò nílò mọ́ọ̀dù. A ó gbé ọ̀rá wàrà kaná, a ó dà á lé ṣokoléètì tí a ti gé wẹ́wẹ́ lórí, a ó rò ó títí yóò fi máa dán. Bó bá dì, a ó fi ọwọ́ yí i róbótó, a ó sì yí i mọ́ ẹ̀tù kòkó. Ó rọ̀ nínú bí iṣu gbígbóná, kò ṣe é jẹ ní ìkánjú. Àwọn oníbàárà wa ń fẹ́ èyí tó ní àgbọn, àwọn mìíràn ń fẹ́ èyí tí a pò mọ́ ọ̀fíò lílọ̀. Èyí tí Àlàájà yàn láàyò ni ti atalẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á pa ojú dé, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọn kì í rún un. Wọ́n á gbé e lé ahọ́n, wọ́n á sì dúró dè é.

“Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fún mi jẹ,” ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan. “Ọjọ́ tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Àwọn èèyàn ń gba omi sámúsámù lọ́wọ́ wọn, èmi ń fi páálí ṣokoléètì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Ẹnu wọn ni a fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó ń jáde nílé ìdáná yẹn tí wọn kò kọ́kọ́ tọ́ wò. Mo rò pé iṣẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni mò ń bọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, mo lọ fọ balùwẹ̀ wọn. Èèrà ti tò láti ojú fèrèsé títí dé ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí. Mo fi omi ṣàn án. Ní ọ̀sán, wọ́n ti padà. Ìyá mi àgbà ló kú irú ikú yìí, nítorí náà mo mọ ohun tí èèrà ń wá. Mo bá Àlàájà ní pálọ̀, wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀, mo sì rí egbò kékeré láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, bí ẹni pé èékánná ló ha á.

“Mà, ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà.”

Wọn ò jiyàn. “Dókítà ti sọ ọ́ láti ọdún mẹ́rin.”

“Ṣé ẹ ń lo oògùn?”

“Mò ń lò ó nígbà tí mo bá rántí.”

“Àǹtí Kúdí mọ̀?”

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ojú sókè. “Kúdí mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ̀ nípa èyí, ó máa ti ilé ìdáná yẹn pa. Ó máa gbé mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìfákọ̀, á gbé mi síwájú tẹlifíṣọ̀n bí òdòdó inú ìkòkò. Ìwọ náà á wá ibòmíràn lọ. Búra fún mi pé o ò ní sọ.”

“Mà, mi ò lè búra.”

“Fi orúkọ ìyá rẹ búra.”

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Àgbà ni wọ́n. Orí ilẹ̀ wọn ni mo dúró sí. Mo fi orúkọ ìyá mi búra.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun gbogbo tí mo bá ṣe ní ilé ìdáná yẹn ti di ọ̀ràn lójú mi. Mo ń yí tírọ́fù róbótó, mo sì ń kà wọ́n. Mo ń kó ìyókù pamọ́ sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, lẹ́yìn bọ́tà. Wọ́n á rí i. Mo ní kí n ṣe díẹ̀, wọ́n ní ọ́dà àwọn oníbàárà pọ̀. Nígbà náà ni mo ronú kan èyí tí kò ní ṣúgà rárá, kòkó pọ́ńbélé, ọ̀rá wàrà díẹ̀, àti atalẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn. Mo gbé e fún wọn, wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

“Kí lèyí? Àgbo?”

“Tiyín ni, Mà. Mi ò ṣe é fún ẹlòmíràn.”

Lọ́jọ́ kẹrin, èmi ń fọ abọ́, mo gbọ́ ohùn wọn láti pálọ̀: “Ìwọ, kíkorò yẹn ńkọ́?” Mo fi ọwọ́ tó ní ọṣẹ bo ẹnu mi. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi jẹ kíkorò yẹn, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ahọ́n àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ń gbọ́ èéfín nínú rẹ̀, pé wọ́n ń gbọ́ ilẹ̀ tó tutù. Nígbà tí ìyá mi pè, mo rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi bi mí bóyá mo ti rí ọkọ.

Lọ́jọ́ kejìlá, mo lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Bébà wúrà tí a fi ń wé ṣokoléètì onímílíìkì dà jáde láti inú àpò ìrọ̀rí. Ó pọ̀ débi pé ó ń dún bí ewé gbígbẹ. Kíkorò tí mò ń ṣe, àfikún lásán ni wọ́n fi ń ṣe.

Mo kó bébà yẹn jọ, mo dà á sínú garawa ìdọ̀tí, mo padà síbi iṣẹ́. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo ti ronú lé e lórí láti ìgbà náà wá. Bí ó bá ṣe pé ọmọ wọn ni mí, ǹ bá pariwo, ǹ bá sunkún, ǹ bá gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, kí wọ́n bú mi dọ́ba, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí n ṣì jẹ́ ọmọ wọn. Bó bá sì ṣe pé àlejò pátápátá ni mí, ǹ bá ṣe iṣẹ́ mi, kí n má ti ọrùn bọ ohun tí kò kàn mí. Àárín ni mo wà. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ bí a bá jọ ń jẹun, mo sì ń padà di ará òkèèrè bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Gbogbo Sátidé ni Àǹtí Kúdí máa ń wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èso nínú ọ̀rá. Ènìyàn dáadáa ni, ó máa ń béèrè ìyá mi. Á dì mọ́ ìyá rẹ̀, á ní, “Mọ́mì, ẹ ti ń rù o.” Àlàájà á ní iṣẹ́ ni. Ojú Àǹtí Kúdí á wá yí sí mi. “Àǹtí Kútọnu, ẹ máa bá mi tọ́jú wọn dáadáa o.” Mo máa ń ní, “Ẹ má ṣe ìyọnu, Mà.” Ìgbà mélòó ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Oṣù mẹ́rin ní àwọn Sátidé púpọ̀ nínú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, egbò yẹn ti dúdú. Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ nílé, wọ́n sì ń fín lọ́fínńdà sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi imú ṣiṣẹ́ bíi tiwa kò lè ṣàìgbọ́ òórùn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tọ́ tírọ́fù wò, wọ́n ní nǹkan kan ń rùn nínú rẹ̀, kí n dà á nù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tírọ́fù.

“Mà, ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn.”

“Gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ.”

Mo kúnlẹ̀. Mo di etí aṣọ wọn mú. “Mà, ẹsẹ̀ yìí ń kú lọ.”

Wọ́n fa aṣọ wọn gbà. “Ta ni ẹ́? Ṣé ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ẹ? Nítorí mo ní a jọ jẹ́ ará Kétu?”

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, mo pe ìyá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀, èèrà, egbò, ìbúra. Mo gbọ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ṣe dákẹ́.

“O fi orúkọ mi búra?”

“Ẹ má bínú, Ìyá.”

“Láti oṣù mẹ́rin.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Wọ́n mí. “Bí o bá dà á, orí mi ló ń bọ̀. Dà á. Mo gbà á. Èwo ni kí o máa fi orúkọ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn? Ǹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ lọ́jọ́ kìíní, ká ní o bi mí.”

Mo pe Àǹtí Kúdí. Kò tó wákàtí kan tó fi dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n tì ṣubú. Àlàájà kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ń wò mí, bí wọ́n ṣe wo ṣokoléètì àkọ́kọ́ tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn ò ní a lè fi yan nǹkan kan.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí pé, “Kí lẹ jẹ́ sí wọn?” Mo la ẹnu. Àǹtí Kúdí ti dáhùn. “Ọmọọṣẹ́ wọn ni.” Òótọ́ ló sọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n dúró síta.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn lábẹ́ orúnkún. Dókítà ní bó bá ṣe pé wọ́n tètè gbé wọn wá, ọmọ ìka kan tàbí méjì péré ni ìbá jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Àǹtí Kúdí gbé jáde wá bá mi lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, níbi tí mo ti di fúláásìkì omi gbígbóná mú.

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Ní ìgbà òjò, Mà.”

“Ìgbà òjò. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń ṣe é fún wọn jẹ.”

“Mo ṣe èyí tí kò ní ṣúgà—”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì ń ṣe é fún wọn jẹ.” Kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. “Sátidé sí Sátidé ni mò ń wá. Ẹ ń wò mí lójú.”

Kí ni ǹ bá sọ? Pé ìyá rẹ̀ ní kí n búra? Pé mo bẹ̀rù kí n má pàdánù iṣẹ́ mi? Méjèèjì jẹ́ òótọ́, mi ò sì mọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ títí di òní. Mo gbé fúláásìkì náà fún un. Ó gbà á.

Wọ́n ti ilé ìdáná pa, gẹ́gẹ́ bí Àlàájà ṣe sọ. Wọ́n gbé Àlàájà lọ sí Ìfákọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Èmi náà wá ibòmíràn lọ, ilé búrẹ́dì kan lójú ọ̀nà Ìkòsí, níbi tí mò ń da ṣokoléètì olóróró èkùrọ́ sórí kéèkì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò nílò òkúta mábù. Kò nílò ètè. Èèyàn yọ́ ọ, ó dà á, ó parí. Àwọn oníbàárà ń yìn ín.

Ìyá mi ní kí n máa bọ̀ wálé. Mo ní kò ní pẹ́. Lóòótọ́, mo lè lọ. Kò sí ohun tó dè mí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Kétu wa, tí wọ́n bi mí pé kí ni mo ṣe l'Ékòó, mi ò tíì mọ ìdáhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú kìíní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí Ìfákọ̀. Àǹtí Kúdí wá sí ẹnu géètì, ó ní Mọ́mì ń sùn. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, wọ́n ń sùn. Ní ìkẹta, ó dúró, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí géètì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo inú báàgì yín.”

Mo ṣí i fún un. Ìwé orin, agboòrùn, owó ọkọ̀, ìpara ọwọ́. Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ báàgì, ó tọ́ ọ láti igun dé igun. Ojú tì í, mo rí i pé ojú tì í. Ó sì ṣe é parí. Mi ò bínú. Ká ní mo ti ṣe irú rẹ̀ nígbà tó yẹ.

Wọ́n gbé Àlàájà síwájú fèrèsé nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kì í ṣe síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ojú wọn ti ń ṣú, Àǹtí Kúdí sọ fún mi kí a tó wọlé, ṣúgà yẹn ti ń bá a jà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

“Àǹtí Kútọnu.”

Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

“Mà.”

“Kí lo mú wá?”

“Mi ò mú nǹkan kan wá, Mà.”

Wọ́n yí ojú padà sí fèrèsé. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Àǹtí Kúdí lọ sí ilé ìdáná, mo gbọ́ tó ń ṣí omi. Ni Àlàájà bá ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “Kí lo ṣe lánàá?”

Kéèkì ogójì ni mo da òróró èkùrọ́ sí lánàá. Mo wo ọwọ́ wọn lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

“Tírọ́fù ni, Mà,” ni mo wí. “Mo lo dúdú tó dára. Mo ha èèpo ọsàn tútù sínú ọ̀rá wàrà nígbà tó ń gbóná, mo bò ó kó rùn wọ inú rẹ̀, mo sì sẹ́ ẹ. Mo dà á lé ṣokoléètì lórí, mo rò ó láti àárín bọ̀ síta, bí a ṣe máa ń ṣe é. Ó dán, Mà. Mo fi ọwọ́ tútù yí i. Nígbà tí mo gbé e lé ahọ́n, kíkorò ló kọ́kọ́ dé, ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọsàn wọlé láti ẹ̀gbẹ́.”

Wọ́n ti pa ojú dé. Mo rí i tí ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ sókè, tó sì sọ̀kalẹ̀.

“Èèpo ọsàn yẹn ti pọ̀ jù,” ni wọ́n wí. “Dín in kù.”

“Mo ti dín in kù, Mà.”

Omi ilé ìdáná dákẹ́. Mo gbọ́ ìrìn Àǹtí Kúdí tó ń bọ̀, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sì wọlé. Àlàájà kò la ojú.

“Òmíràn ńkọ́?” ni wọ́n bi mí.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn.